Ẹ̀rọ Kejì Kọ́ Ló Kàn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága àti Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ẹgbẹ́ Ìlú Wa, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin Alága wa, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ aláṣẹ, ẹ̀yin bàbá ìsàlẹ̀ àti ìyá ẹgbẹ́, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ wa, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí a gbé ẹ̀rọ fún, torí mi ò wá ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara yín. Mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí akọ̀wé, èsì kò wá. Mo dìde sọ ọ́ nípàdé, wọ́n ní kí n jókòó. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e síta. Ẹgbẹ́ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó ń dáwó fún aláìsàn bíi tiwa pọ̀ káàkiri Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì dára kí àwọn náà gbọ́.

Ìpinnu tí ẹ kà sí wa létí nípàdé gbogboogbò tó kọjá ló fa lẹ́tà yìí. Ẹ ní ẹgbẹ́ ti ya mílíọ̀nù 12 náírà sọ́tọ̀ kún owó tí a ó fi ra ẹ̀rọ kejì tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé a ó ṣí i níbi ayẹyẹ ọdún. Àwa kan dábàá pé kí a fi owó náà san owó dàyálísíìsì, ìyẹn owó ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ náà, fún àwọn aláìsàn tó wà nílẹ̀ báyìí. Èsì tí ẹ fún wa ni pé owó tí a bá ná sórí aláìsàn kì í hàn. Gbólóhùn yẹn há mi lọ́fun títí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

1. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí a gbé kalẹ̀ kò ṣiṣẹ́.

Mo lọ fojú ara mi rí i. Ó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e dé ṣì bò ó, ribọ́n pupa tí a gé níwájú kámẹ́rà ṣì so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ wa sì ń dán gbinrin lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó mú mi wọlé kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣí kọ́bọ́ọ̀dù hàn mí, ó ní ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn àsẹ́ ẹ̀jẹ̀ wà. Èyí tó kù níbẹ̀ kò lè kárí àwọn tó jókòó síta lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ní ẹ̀rọ tiwọn kí a tó gbé tiwa dé, ìjókòó sì máa ń ṣófo nídìí wọn. Owó ló ń lé aláìsàn padà sílé.

Mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tí dàyálísíìsì kan ṣoṣo ń gbà. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni ènìyàn fi ń jókòó tì í. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gba ọ̀pá rọ́bà jáde, á gba inú àsẹ́ kọjá, á padà sí i lára. Lódì kejì àsẹ́ yẹn, omi tí wọ́n po èròjà pọ̀ mọ́ á máa ṣàn, bí ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin: 120 lítà, fún ẹnì kan, lẹ́ẹ̀kan. Omi kànga kò ṣe é lò fún un, omi ọ̀rá náà kò ṣe é lò. Ẹ̀rọ mìíràn lọ́tọ̀ ló ń sẹ́ ẹ kí kẹ́míkà àti kòkòrò má bàa ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn omi ni àsẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀pá, abẹ́rẹ́ ńlá méjì, omi iyọ̀, oògùn heparin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì gbé e, nọ́ọ̀sì ní láti fọwọ́ yí ẹ̀rọ náà kí ẹ̀jẹ̀ tó wà níta lè padà sára ẹni tó ni ín kó tó dì. Epo dísẹ́ẹ̀lì inú jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń sá fún ìyẹn. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ń tán lójoojúmọ́. A fi owó wa ra èyí tí kì í tán, a sì fi gbogbo èyí tó ń tán sílẹ̀ fún aláìsàn láti máa wá kiri.

Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ilé ìwòsàn. Àwa ni a kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n nílò kí a tó ra ohun tó wù wá.

2. Owó náà ju agbára ènìyàn lọ.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ẹ̀dínwó ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, iye tí wọ́n ní dàyálísíìsì kan ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni 50,000 náírà. Ẹẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni dókítà sábà máa ń fẹ́. Ìyẹn jẹ́ 150,000 lọ́sẹ̀, 600,000 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mílíọ̀nù 7.8 lọ́dún. Oògùn kò sí níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun kò sí níbẹ̀, àyẹ̀wò àti owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí san fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 2025 jẹ́ 80,000 náírà. Owó iṣẹ́ oṣù kan gbáko kò san dàyálísíìsì méjì. Ìyẹn sì ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba o. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Tàkìé ń kọ́? Àgbẹ̀ tó gun ọ̀kadà wá láti Ìkòyí-Ilé ń kọ́?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí ìgbà tí èémí bá fẹ́ bọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára wọn. Kàfíńtà ni, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti jókòó lórí àga tó kàn. Kò tọ̀ mọ́, nítorí náà omi tó bá mu, inú ara rẹ̀ ló ń dúró sí. Omi ọ̀rá kan ni wọ́n ní kó fi ọjọ́ kan mu, nínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Ìdérí ìgò ni ìyàwó rẹ̀ fi ń bù ú fún un. Bó bá dé ilé ìwòsàn, wọ́n á kọ́kọ́ ní kó gun òṣùwọ̀n: kílò kọ̀ọ̀kan tó fi wúwo sí i láti ìgbà tó ti lọ gbẹ̀yìn, lítà omi kan ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ iye tí wọn yóò fà jáde. Òru tó ṣáájú ọjọ́ dàyálísíìsì, kì í lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìjókòó ló ń sùn, torí omi ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán tó sì sinmi, ojú rẹ̀ á wálẹ̀, á béèrè oúnjẹ, á ní kí ọmọ iṣẹ́ òun wá gba ìwọ̀n pákó. Kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ẹsẹ̀ á tún wú. Ọkùnrin tó lè ṣiṣẹ́ ni. Owó ìgbà méjì tó kù lọ́sẹ̀ ló dá a dùbúlẹ̀.

Ìdílé wa ti ta ilẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn kí ẹ lè káàánú wa. Ilé tí mo mọ̀ tí àìsàn yìí ti wọ̀, bákan náà ni gbogbo wọn: ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ, ọkọ̀ á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ọmọ á kúrò ní yunifásítì.

3. Ẹ ní ìjọba ti gba iṣẹ́ yìí ṣe.

Ẹ̀dínwó tí mo mẹ́nu bà yẹn mú owó náà wálẹ̀ láti 50,000 sí 12,000 náírà. Inú mi dùn sí i, mo sì ń gbàdúrà kí ó dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ló wà fún. Nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, UCH Ìbàdàn ni ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìlú wa ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni méjì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀: ti LAUTECH jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, ti Bowen jẹ́ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi. Láti 1907 tí Dókítà George Green ti dé síbí ni àwọn ará ọ̀nà jíjìn ti ń wá gba ìtọ́jú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ san 12,000 ní láti fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀, kó rin nǹkan bí 100 kìlómítà lọ sí Ìbàdàn, kó sì rin ín padà, ẹẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lórí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ tó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó sì ń rìn ín jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi jáde lára rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ìfúnpá rẹ̀ ti já wálẹ̀.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa tí a bá fẹ́ ṣe é. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wà nílẹ̀ láti Mọ́ńdè títí di Jímọ̀. Sátidé ló ń jáde, fún òkú àti ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kó máa gbé àwọn aláìsàn lọ sí Ìbàdàn láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ka wa tó wà ní Ìbàdàn náà lè wá yàrá méjì sí tòsí UCH, kí ẹni tí kò lè padà lọ́jọ́ náà rí ibi sùn.

4. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe títí ayé ni wọn yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín wọn kàn dákú ni. Obìnrin tó bímọ tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Aboyún tí ìfúnpá ga fún títí gìrì fi mú un. Ọmọ tí ibà líle ti pa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú. Ẹni tó ṣu gbuuru títí omi fi tán lára rẹ̀, ẹni tí egbò ti sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di májèlé, ẹni tó lo oògùn tàbí àgbo tí kò bá a lára mu. Bí wọ́n bá tètè fọ ẹ̀jẹ̀ fún irú àwọn wọ̀nyí ní ìwọ̀nba ìgbà, tí wọ́n sì wo ohun tó fà á sàn, kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú wọn á jí padà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Wọ́n á lọ sílé, wọn ò sì ní nílò ẹ̀rọ mọ́. Bí ẹbí wọn kò bá rí owó àkọ́kọ́ san lóru ọjọ́ náà, wọ́n á kú pẹ̀lú kíndìnrín tí ì bá sàn.

Ẹ wo mílíọ̀nù 12 tó wà lọ́wọ́ yín. Bí a bá fi 50,000 pín in, dàyálísíìsì 240 ni. Bí aláìsàn irú èyí bá nílò mẹ́fà mẹ́fà, ogójì ènìyàn ni. Ẹ̀yin Alága, ẹ ní owó náà kì í hàn. Obìnrin tó gbé ọmọ tuntun rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ilé ọkọ rẹ̀ padà, ta ni kò ní hàn sí nínú agboolé náà?

Owó kan náà, bí a bá gbé e fún àwọn tí tiwọn ti di àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, kò ní gbọ́ bùkátà ẹni méjì fún ọdún kan gbáko. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú àwọn yẹn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Síbẹ̀, èrò mi ni pé kí ìdajì owó náà kọ́kọ́ wà nílẹ̀ fún àwọn tí ìgbà díẹ̀ lè gbà là pátápátá, kó wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kó má sì dúró de ìpàdé kankan. Kí ìdajì kejì máa fi ìgbà kan lọ́sẹ̀ kún ti àwọn tó ń tiraka san tiwọn. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó bá di ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì, ìyàtọ̀ náà á hàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti lójú rẹ̀ kí oṣù tó parí.

5. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ kọ́ ló yẹ kó máa yan aláìsàn.

Níbi ayẹyẹ tó kọjá, ẹ pe àwọn aláìsàn mẹ́ta gun pèpéle. Ẹ ní kí wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ti ju àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ lọ lọ́jọ́ orí, rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wò ó. Àwòrán rẹ̀ ti dé orí WhatsApp gbogbo ẹ̀ka kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó dùn mí jọjọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò wá sí ìpàdé mọ́ láti ọjọ́ náà, n kò sì bá a wí.

Mo tún gbọ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ mú lẹ́tà wá láti ọwọ́ báálé agboolé rẹ̀ àti ẹ̀rí pé owó ẹgbẹ́ rẹ̀ pé. Àwọn tó ṣáájú wa ti gba ọ̀nà yìí rí. Ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí ẹ̀rọ kò tó nǹkan rárá, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tó ń pinnu ẹni tí yóò gba ìtọ́jú. Wọ́n ń wo irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye ọmọ tó bí, bóyá ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde sínú ìwé ìròyìn, ariwo gba ìlú. Ní 1972 ìjọba wọn ṣòfin tó jẹ́ kí owó ìlú máa san owó dàyálísíìsì fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó nílò rẹ̀. Àwa ò tíì débẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti kábàámọ̀.

Dókítà ló mọ ẹni tí ìgbà díẹ̀ lè gbà là. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdílé aláìsàn ní ilé ìwòsàn ló mọ ẹni tí kò ní. Kí àwọn méjèèjì yàn. Kí owó wa lọ tààrà sínú àpò ìtọ́jú aláìsàn, kí rìsíìtì padà wá pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì láìsí orúkọ. Olùyẹ̀wé-owó ẹgbẹ́ lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkúùgbà. Ẹni tó bá yè tó wù ú láti wá dúpẹ́, yóò wá fúnra rẹ̀.

6. Ìdènà, ní ṣókí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló ń ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa jẹ́, láìdùn wọ́n títí yóò fi bàjẹ́ tán. Oògùn ara ríro tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, ọṣẹ àti ìpara abóra tó ní mákúrì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìfúnpá kan, ìwé àyẹ̀wò ìtọ̀ àti nọ́ọ̀sì méjì tó ti fẹ̀yìn tì kò ju agbára wa lọ. Kí wọ́n jókòó sọ́jà Tàkìé ní Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù Kẹta, ọjọ́ tí gbogbo àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún kíndìnrín, kí wọ́n sì máa padà lọ lóṣooṣù. Òfin ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní àjọ tiẹ̀ tó ń forúkọ ènìyàn sílẹ̀, OYSHIA. Kí ẹgbẹ́ san ti àwọn opó àti arúgbó wa. Ṣùgbọ́n kí a tó forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà mélòó tí wọn yóò san fún dàyálísíìsì, kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu tan ara wa.

7. Ohun tí mò ń béèrè.

Kí ẹ dá ríra ẹ̀rọ kejì dúró. Kí ẹ fi oṣù kan bá ilé ìwòsàn jókòó lórí èyí àkọ́kọ́, kí a mọ ohun tó kù kó tó lè ṣiṣẹ́, yálà ẹ̀rọ omi ni tàbí àsẹ́ ni tàbí ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Kí mílíọ̀nù 12 náà di owó dàyálísíìsì lọ́nà tí mo là sílẹ̀ ní ìpín kẹrin. Kí ẹgbẹ́ sì fi ìdá kan nínú owó ẹgbẹ́ tí gbogbo wa ń dá, nílé àti lẹ́yìn odi, kún un lóṣooṣù, torí ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní oṣù Kejì yóò tún fọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹwàá, tí ayẹyẹ ti lọ. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Jọ́ọ̀sì, Èkó, Gánà àti Amẹ́ríkà tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́, ẹ bi àwọn aṣojú yín léèrè ibi tó ń lọ kí ẹ tó tún fi òmíràn ránṣẹ́.

Kí bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tí ìpàdé bá fọwọ́ sí i. Kí àwòrán àwọn mẹ́ta tí ẹ ní kí wọ́n kúnlẹ̀ yẹn kúrò lójú ewé ẹgbẹ́ lónìí, kí Alága fúnra rẹ̀ sì lọ bẹ̀ wọ́n nílé.

Owó ẹgbẹ́ mi fún ọdún yìí ti wà lọ́wọ́ akápò, mi ò sì ní gbà á padà. Ọmọ ẹgbẹ́ ni mí, ibẹ̀ náà ni mo sì wà. Mo fẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sókè nípàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, kí a dìbò lórí ìpín keje, kí akọ̀wé sì kọ iye ẹni tó gbà àti iye ẹni tó kọ̀ sínú ìwé ìpàdé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀ka ilé, Ògbómọ̀ṣọ́